Ihò Afẹ́fẹ́ tí Ọ̀gá Ooru Dí

Ẹ̀yin tí ẹ kọ etí ikún sí ìpè Ọlọ́run, ẹ̀yin ni mò ń bá wí.

Ọkùnrin mẹkáníìkì kan wà. Òun ló ń tọ́jú àwọn ẹ̀rọ tó ń mú ilé ọ́fíìsì ńlá kan tutù nígbà ooru, tó sì ń mú un gbóná nígbà òtútù. Ọ̀gá Ooru ni wọ́n ń pè é. Agbéraga paraku ni. Kì í kí èèyàn, àfi kó bú u.

Nígbà tí òtútù dé, onílé pariwo pé ìkòkò iná ìsàlẹ̀ ilé, èyí tó ń mú ilé gbóná, ń jẹ gáàsì jù. Ọ̀gá Ooru lu àyà, ó ní òun á bá a wá nǹkan ṣe sí i.

Ihò kan wà lára ògiri yàrá ìkòkò iná náà. Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé kí iná lè jó dáadáa, kí èéfín rẹ̀ má di májèlé. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Wọ́n kọ́ ọ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́. Ṣùgbọ́n òtútù ń bá afẹ́fẹ́ náà wọlé, ó sì ń fi ooru ṣòfò. Ó kan pákó mọ́ ihò náà, ó fi àkísà dí etí rẹ̀ pinpin.

Ilé móoru, gáàsì dínkù. Onílé yìn ín, orí rẹ̀ wú.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, wẹ́dà tó ń jó páìpù pọ̀ nínú ilé kan náà, rí pákó yẹn.

"Àna mi, kí lo dí ibí yìí fún? Èèyàn wà lókè o!"

"Bùọ̀dá, ẹ gbájú mọ́ irin yín, ẹ fi mí sílẹ̀!"

"Ìgbéraga yìí á pa ọ́. Yí padà sí Jésù nígbà tí àyè ṣì wà."

"Jésù yín náà ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ni? Ẹ ní kó wá gbaṣẹ́ lọ́wọ́ mi!"

Wẹ́dà lọ sọ fún onílé. Onílé lé e jáde kúrò ní ọ́fíìsì rẹ̀ bí ẹni lé ajá.

Kò pẹ́ rárá. Ọ̀sán ọjọ́ kan, ọmọbìnrin Ọ̀gá Ooru, tó ń ṣe akọ̀wé ní yàrá òkè ìkòkò iná, ní orí ń fọ́ òun. Ó gbórí lé tábìlì. Wọ́n pè é títí, kò dáhùn. Èéfín tí ojú ò rí, tí imú ò gbóòórùn, ti bò ó mọ́lẹ̀. Wọ́n gbé e jáde.

Bàbá rẹ̀ sáré dé, ó ń bú mọ́ wọn: "Ta ló fún ọmọ mi ní nǹkan jẹ? Mo ní ta ni?"

"Pákó ẹ ni," ni wẹ́dà wí.

Wọ́n sáré gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn. Níbẹ̀, Ọ̀gá Ooru wó lulẹ̀ sẹ́sẹ̀ wẹ́dà.

"Bùọ̀dá, mo mọ̀, mo sì ṣe é. Ìyìn ni mò ń wá."

"Mi ò ní purọ́ tù ọ́ nínú. Ìkà ni ọ́. Ṣùgbọ́n irú ìkà bẹ́ẹ̀ ni Jésù kú fún. Ké pè é!"

Ó ké pe Jésù, ó bẹ̀bẹ̀ fún àánú, nígbà tí kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ á yè.

Ọmọ lajú nírọ̀lẹ́. Bàbá rẹ̀ sọ òtítọ́ fún un. Ọmọ kọjú sí ògiri. Ọkùnrin náà gbà pé ọmọ ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo òṣìṣẹ́. Onílé lé e lẹ́nu iṣẹ́, kò ṣe àwáwí kankan.

Ìwọ tí o ń ka ìwé yìí, má fi í ṣẹ̀rín. Ọmọ tirẹ̀ jí. Ta ló sọ fún ọ pé ẹni tí ìwọ ń pa lára á jí? Mo ti bá wọn sin àìmọye àwọn tó ní ó di ọ̀la. Bí o bá ń wá ẹni tó máa pọ́n ọ lé, wá ẹlòmíràn. Ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Jésù ń pè ọ́ lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà yẹn, kí o dá a lóhùn.