Ohùn Tó Ń Dáhùn Ìbéèrè Ọ̀kẹ́rẹ́

Èmi àti ọmọ mi nìkan la wà nínú yàrá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ohùn ẹni kẹta ló dáhùn ìbéèrè tí mo bi í.

Ìwé ìdánwò rẹ̀ wà lórí itan mi. Òun jókòó síwájú mi lórí ibùsùn, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ ara, irun rẹ̀ ṣì kún fún ìyẹ̀fun igi tó gbé ti ibi iṣẹ́ bọ̀. Mo ka ìbéèrè sókè: "Bí a bá fẹ́ gé ẹ̀ka kúrò lára igi, ibo ni kí ayùn gbà wọlé?"

Kí ọmọ tó la ẹnu, ohùn bàbá rẹ̀ ti sọ ọ́: "Gé e mọ́ ara igi. Fi ọ̀dà pa á."

Bàbá rẹ̀ ti kú. Orí igi ló ti já bọ́. Iṣẹ́ ìtọ́jú igi tí ọmọ ń kọ́ yìí lòun náà ṣe títí ọjọ́ ikú rẹ̀: kí a fi okùn gun igi, kí a gé ẹ̀ka tó ń ṣàìsàn, kí a mọ èyí tó yẹ ká dá sí. Bí àwọn ará ìgbà tirẹ̀ ṣe ń gé e nìyẹn. Wọ́n á fá ẹ̀ka dànù pátápátá, wọ́n á fi ọ̀dà kun ojú ọgbẹ́, á máa dán. Ìwé òde òní ní àṣìṣe ńlá ni. Níbi tí ẹ̀ka ti so mọ́ igi, ó máa ń wú díẹ̀ bí ọrùn. Ọrùn yẹn ni igi fi ń pa ojú ọgbẹ́ dé. Ẹni tó bá gé e ti ṣílẹ̀kùn fún ìjẹrà, ọ̀dà á sì wá tì í mọ́ inú. Igi tó pa ọkọ mi, òun fúnra rẹ̀ ló ti gé e bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí. Ara igi náà dán lóde. Inú rẹ̀ ti kú.

Mo wo igun yàrá. Mo wo ẹ̀yìn aṣọ fèrèsé. Ohùn náà sún mọ́ mi gan-an, bí ẹni pé ó dúró sí ẹ̀yìn etí mi.

"O gbọ́?" mo bi í wúyẹ́wúyẹ́.

Ọmọ mi ò wo igun yàrá. Èmi ló ń wò. "Mo gbọ́, Màmá." Omi ti lé sí i lójú, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ bi mí ní òmíràn."

Bàbá rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí kò tíì mọ̀ ọ́n rìn dáadáa tó ti ń gun kọ́bọ́ọ̀dù. Nígbà tó ní iṣẹ́ bàbá òun lòun máa ṣe, mo sunkún, mo bínú, mo bá a yan odì. Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó rí ekòló, á sá. Ó ní, "Màmá, àìmọ̀ ló pa bàbá mi. Èmi fẹ́ mọ̀ ọ́n." Mo gbà. Mo tilẹ̀ ní èmi ni n ó máa bi í ní ìbéèrè, kó má baà rò pé mo ṣì ń dìtẹ̀ mọ́ òun. Ó ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀gá rẹ̀ ní bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, kò ní gun igi mọ́ níbi iṣẹ́ òun, ewé ni yóò máa gbá nílẹ̀.

Láti ìrọ̀lẹ́ yẹn, ohùn náà ò fi wá sílẹ̀ mọ́. Mo bá a jà. "Bàbá Ọ̀kẹ́rẹ́, olóríkunkun ni yín láyé, ẹ tún gbé e dé ọ̀run? Ohun tó pa yín lẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ?" Kì í dá mi lóhùn nígbà tí mo bá ń sọ̀rọ̀. Ìgbà tí mo bá dákẹ́ ló ń sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún. Lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀fun á máa dùn mí, itọ́ mi á korò. Mo ní àìsùn ni.

Ọmọ wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì. Ìbéèrè tó mọ̀ bí ẹní mowó, á máa wo ẹnu mi, lẹ́yìn náà á ní, "A ó gé e mọ́ ara igi."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ọ̀gá rẹ̀ wá sílé wa. Ọ̀dọ̀ ọkọ mi lọkùnrin yìí ti kọ́ṣẹ́, aláwàdà sì ni. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń nu òógùn.

"Màmá, ẹ kú ilé o. Kí lẹ ń fún Ọ̀kẹ́rẹ́ jẹ? Lánàá ló fá igi mi bí orí apárí! Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn tó máa dán an wò, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n á ní kó sọ̀kalẹ̀. Ṣé ẹ gbọ́?"

Ohun tó wà lọ́kàn mi láti sọ ni pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ní sùúrù fún un." Mo la ẹnu, ohùn náà sì dún lẹ́yìn etí mi.

Ẹ̀rín gbẹ lójú ọkùnrin náà. Ó ṣí fìlà rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó tẹ̀ ba. Ẹnu mi ló tẹjú mọ́.

"Ọ̀gá mi," ó ní, "ẹ káàsán, sà."

Mo bojú wẹ̀yìn. Kò sẹ́nì kankan.

Kò dágbére kó tó lọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ fara ti ògiri, ó ń wolẹ̀.

"O mọ̀?"

"Láti ọjọ́ àkọ́kọ́, Màmá. Ẹnu yín ló ń gbà jáde."

"O ò sì lè sọ fún mi?"

"Mo ti ń gbàgbé bí ohùn bàbá mi ṣe ń dún. Mo ní kí n ṣì gbọ́ ọ díẹ̀ sí i." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣé bàbá mi gan-an ló ń wá, Màmá, àbí ẹ̀yin lẹ ò fẹ́ kí n yege?"

Mo fẹ́ búra. Mo fẹ́ fi ọmú tó mu búra fún un. Mo la ẹnu, mo sì fi etí ara mi gbọ́ ọ lọ́tẹ̀ yìí: "Fi ọ̀dà pa á."

Ó di aṣọ rẹ̀ sínú àpò okùn, ó ní òun ń lọ sílé ọ̀rẹ́ òun títí ìdánwò á fi parí. Ó dì mọ́ mi. Bí mo ti fẹ́ súre fún un, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ẹnu mi jẹ́jẹ́, bí mo ti máa ń ṣe fún un nígbà tó wà ní kékeré tí a bá wà láàárín èrò. Ìyá tí kò lè súre fún ọmọ rẹ̀, kí là ń pè é?

Lónìí, fóònù dún.

"Màmá, mo yege! Mo yege o! Mo fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀ka náà wò, mo sì dá a sí nígbà tí mo gé ẹ̀ka. Lọ́la wọ́n á mú mi lọ sídìí igi ńlá kan, èmi ni n ó ṣáájú." Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Ẹ sọ̀rọ̀, Màmá. Ẹ kí mi kú oríire."

Kú oríire kún àyà mi. Àdúrà kún un. Mo fi ọwọ́ kan di fóònù mú, mo fi ìkejì di ẹnu mi.

"Màmá? Màmá, ṣé ẹ wà níbẹ̀?"

Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu títí eyín fi gé mi létè.

Ìgbà tó tún máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, bí ohùn ọmọ tí ẹ̀rù ń bà tó sì ń retí.

"Bàbá mi?"