Irun Iwájú Orí Umejiro

Ọjọ́ tí èmi àti Umejiro pé ọgbọ̀n ọdún, obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ta àkàrà ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà ilé ìṣeré tí Umejiro ti ń ṣeré kí mi tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Màmá, ọmọ yín yìí ò ní jẹ́ kí tọkọtaya kankan jókòó nílé o!"

Ìbejì ni wá. Ojú kan náà la gbé wáyé, ṣùgbọ́n irun mi ti funfun báláú, eyín mi sì ti ń ká. Umejiro kò kúrò ní ọmọ ogún ọdún: ọrùn gígùn, ojú tútù, ẹwà tí kì í jẹ́ kéèyàn mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin.

Ní Osaka ìlú wa, ọkùnrin tó bá ti dàgbà á fá irun iwájú orí rẹ̀. Otose ìyá wa, tó ni ilé ìṣeré náà, kọ̀ jálẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fá ti Umejiro. "Tẹ́ ẹ bá fá a, ta ló máa wá wò wá?" Èmi ni mo máa ń fi òróró ya irun náà fún un láràárọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo gbójú sókè wo dígí bí mo ṣe ń yà á. Ìlà ogbó kan wà létí ojú Umejiro. Òòyà kọjá, ìlà náà parẹ́, ó sì yọ létí ojú mi: ọjọ́ ogbó rẹ̀ ni irun náà ń gbé wá bá mi. Òun náà rí i, ó sì yára wolẹ̀.

"O ti mọ̀ tipẹ́," mo ní.

"Oshino, má bínú. Ẹ̀rù ló ń bà mí."

Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Inú bí mi gan-an. N kò fẹ́ kú ikú arúgbó lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún. Mo mú abẹ. Kò bá mi jà, ó kàn di ojú rẹ̀. Bí irun náà ṣe ń bọ́ sórí ẹní, awọ ara rẹ̀ ń hun jọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ń tẹ̀. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan, kò sì mí mọ́. Ọwọ́ tí mo fi di abẹ mú ti ń dán. Irun dúdú já wálẹ̀ síwájú orí mi.

Ìyá wa ṣílẹ̀kùn. Àwọn èrò ti ń pariwo orúkọ Umejiro níta. Ó wo arúgbó tó wà nílẹ̀, ó wò mí. Mo rò pé yóò figbe ta. Ó gbé àtíkè funfun, ó kúnlẹ̀ síwájú mi.

"Màmá, èmi Oshino ni."

"Pa ẹnu ẹ dé. Obìnrin kì í gorí ìtàgé." Ó ń kun ọrùn mi. "Umejiro, gbé àgbọ̀n ẹ sókè."

Lọ́jọ́ kejì, a sin òkú arúgbó náà. Orúkọ mi ni wọ́n kọ sórí ibojì rẹ̀.