O NILO IGBA

Ahọ́n ni ọkùnrin náà kọ́kọ́ rí. Ahọ́n obìnrin kan ni, tó yọ díẹ̀ ní igun ẹnu, bí ti ọmọdé tó ń kọ́ bí a ṣe ń kọ orúkọ ara ẹni. Obìnrin náà na ọrùn sí ojú kọ̀ǹpútà, ó di páàdì tí a fi ń darí géèmù mú bí ẹni di ọwọ́ ọmọ tó fẹ́ sá lọ, agbòjò rẹ̀ sì ń da omi sórí kápẹ́ẹ̀tì ilé ìkàwé bí ẹni pé kò ní ẹni tó ni ín.

Òjò ló lé e wọlé. Ọjọ́ náà ni àwọn tó ń fúnra wọn ṣe géèmù kó iṣẹ́ wọn wá sí gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, tábìlì kan fún ẹnì kan, kí ẹni tó bá ń kọjá lè jókòó ta á wò. Ọkùnrin tí à ń wí yìí ló ni tábìlì ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Dárà ni ó ń pe ara rẹ̀. Bàbá kọ́, ìyá kọ́, òun fúnra rẹ̀ ló yẹ orúkọ wò títí, tó rí i pé kò sí èyí tó bá ẹ̀bùn òun mu bí ìyẹn. Bí géèmù rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀, DARA LO SE E ni yóò kọ́kọ́ yọ, gàdàgbà-gadagba. Orúkọ géèmù yóò wá tẹ̀lé e nísàlẹ̀ bí ìyàwó tuntun tí ojú ń tì.

Géèmù ọ̀hún kò gùn. Ẹni tó bá jókòó tì í lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán yóò ti parí rẹ̀ kí ebi tó tún pa á. Ẹ̀dá kékeré kan tó gbé fìtílà lọ́wọ́ já bọ́ sínú ilé àwókù tó jìn wọnú ilẹ̀, ó sì ń fò láti àjà dé àjà, ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń yọjú sí kọ̀rọ̀. Kò sí ìbọn, kò sí ogun. Àwòrán rẹ̀ dà bí ti àwọn géèmù ìgbà tí Dárà wà ní kékeré: onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́ bí ẹyọ ìrẹsì tí a tò, orin rẹ̀ sì ń dún tín-ín-tín bí aago tó ń jí ènìyàn. Ohun tó ń mú ènìyàn jókòó tì í kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo ògiri inú rẹ̀ ló dà bí ẹni tó mọ nǹkan tí kò fẹ́ sọ.

Òfin kan wà láàárín àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Bí àlejò bá ń ta géèmù rẹ, dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí o pa ẹnu mọ́. Dárà gbìyànjú. Ó rí i tí obìnrin náà fò mú tannátanná kan, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún fò mú òmíràn. Ó ti kọjá ọ̀nà tó tọ́ lẹ́ẹ̀mejì láìwò ó.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Dárà wí nígbà tí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́, "kí lẹ̀ ń wá?"

Obìnrin náà kò wẹ̀yìn. "Ogún tó kù."

"Ogún kí ni?"

"Tannátanná. Mo ti rí ọgọ́sàn-án. Ìyá àgbà tó jókòó sídìí ògiri yẹn ní igba ni mo nílò."

Dárà wo ìyá àgbà náà. Lóòótọ́, òun ló kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu: O NILO IGBA. Igbà ni ó ní lọ́kàn, okùn tí a fi ń gun òkè, tó wà nínú àpótí ní yàrá kejì. Kò fi àmì ohùn sí i, nítorí lẹ́tà géèmù àtijọ́ kò ní àmì, ọkùnrin náà sì gbà pé ẹni tó bá fẹ́ ṣe nǹkan àtijọ́ gbọ́dọ̀ ṣe é pẹ̀lú ìyà rẹ̀.

Ó bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

"Igbà ni, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n! Okùn! Ṣé kòkòrò lẹ fẹ́ fi gun ògiri ni?"

Ìgbà náà ni obìnrin yìí tó wẹ̀yìn. "Ẹni tó ta á kí n tó jókòó ńkọ́?"

"Igbá lòun ń wá kiri ní tirẹ̀. Ó ní bóyá wọ́n fẹ́ fi bu omi ni."

"Ẹ sì rò pé àwa ni ọ̀rọ̀ ò yé." Ó gbé páàdì kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó mú agbòjò rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́. Ó ń dùn mọ́ mi gan-an kí ẹ tó lanu."

Nígbà tó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan. Àyà Dárà lù kìì. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà ni obìnrin náà ń wò.

Olùtọ́jú ilé ìkàwé ló sọ fún un pé dókítà ojú ni, pé ilé ìwòsàn rẹ̀ kọjú sí ibẹ̀ gan-an. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ Dárà. Ẹ̀fọ́rí ọ̀hún mọ ọ̀nà: títì nìkan ló fẹ́ kí a sọdá.

Yàrá àyẹ̀wò ṣókùnkùn díẹ̀. Dókítà gbé férémù irin wúwo kan lé e nímú, ó ń ki dígí bọ̀ ọ́, ó ń yọ ọ́.

"Èwo ló mọ́lẹ̀ jù? Èyí, tàbí èyí?"

"Èkejì."

"Kí lẹ rí ní ìlà tó kẹ́yìn?"

"Ẹ̀yin."

"Mi ò sí lára ògiri, sà. Ìlà tó kẹ́yìn."

Dárà fojú wá ìlà náà títí. "Ẹni tó tẹ ìwé yẹn ni kò tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Eruku ló pọ̀ níbẹ̀."

"Lẹ́tà márùn-ún ló wà níbẹ̀. Báwo lẹ ṣe wá ń ya àwọn àwòrán kéékèèké yẹn láìríran?"

"Mò ń ríran o. Ojú inú ni mo fi ń ràn án lọ́wọ́."

Dókítà fẹ́ dá ẹ̀rín dúró, kò ṣeé ṣe. Ó jókòó sórí àga tirẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi yọ lójú rẹ̀, òun tó ń tọ́jú ojú àwọn ẹlòmíràn. Nígbà tó rẹ́rìn-ín tán, ó fi dígí tó yẹ sí i. Dárà wá rí i kedere: àpá kékeré kan wà lókè ìpéǹpéjú rẹ̀ ọ̀tún, bí ìgbà tí ẹnì kan fi kọ́mà síbi tí gbólóhùn kò tíì parí. Ó fẹ́ béèrè ohun tó ṣe é níbẹ̀, kò sì lè béèrè.

Awò ojú tuntun kó ìtìjú bá a nílé. Ó rí i pé imú ìyá àgbà inú géèmù rẹ̀ wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ọdún kan ni gbogbo ènìyàn ti ń wò ó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n rò pé ọgbọ́n ni.

Ó lọ sọ ọ́ fún dókítà. Bí ó ṣe di pé dókítà ń yà lọ́dọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ nìyẹn, kí wọ́n lè tún imú ìyá àgbà ṣe. Imú náà pẹ́ kó tó tọ́. "Ẹ" di "o" láàárín wọn láìsí ẹni tó kéde rẹ̀. Wọ́n á jókòó sílẹ̀ níwájú kọ̀ǹpútà, obìnrin náà á tọ́ka sí kọ̀rọ̀ kan.

"Kí ló wà lẹ́yìn ibí yìí?"

"Kò sí nǹkan kan, olólùfẹ́ mi."

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Èmi ni mo kọ́ ọ."

"Ìyẹn ò ní kí o mọ̀ ọ́n."

Yóò sì máa fi ẹ̀dá kékeré náà lu ògiri títí, bóyá ògiri yóò yí ọkàn padà. Dárà a máa wo àpá ojú rẹ̀ nígbà náà. Igi ló dá àpá náà sí i, Dárà ti béèrè: obìnrin náà ń gùn ún láti wo ohun tó wà nínú ọgbà aládùúgbò. "Kí ló wà níbẹ̀?" "Igi mìíràn."

Obìnrin náà mú Dárà lọ rí bàbá rẹ̀. Bàbá yìí ló ń ka gbogbo ìwé ní ilé ìtẹ̀wé kan kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Àwọn ará ibiṣẹ́ ń pè é ní Bàbá Alámì, nítorí àmì ohùn tó bá sá fún un, ọ̀run ló sá lọ. Ó wo Dárà láti bàtà dé awò.

"Ìwọ lo kọ igba tí o kò fi àmì sí i?"

"Bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé àtijọ́ ni, sà."

"Láyé àtijọ́, ènìyàn ń kú nítorí eyín dídùn." Bàbá tún jókòó dáadáa. "Ọmọ kan ṣoṣo ni mo bí. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ lè sọ ohun tó ní lọ́kàn kó yéni. N ó máa wò ọ́ ná."

Àsìkò náà gan-an ni ìyìn dé. Akọ̀ròyìn kan kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé nínú gbogbo géèmù tí òun ta, kò sí ọ̀rọ̀ tó jinlẹ̀ bí O NILO IGBA. Ẹnì kan kà á sí okùn, ẹnì kan sí igbá, ẹnì kan sí iye. Òun tí òun jẹ́ aláìsàn nígbà tí òun ta á, ìgbà lòun kà, òun sì sunkún. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá géèmù náà kiri. Ilé ìkàwé pe Dárà láti wá bá wọn sọ̀rọ̀, gbọ̀ngàn sì kún. Dókítà jókòó síwájú pẹ̀lú bàbá rẹ̀.

Akọ̀ròyìn bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni?"

"Rárá" kò wúwo lẹ́nu. Ọmọ ọdún kan lè sọ ọ́. Ṣùgbọ́n Dárà wo àwùjọ, àwùjọ ń wo Dárà, ó sì dùn mọ́ ọn bí wọ́n ṣe ń wò ó.

"Ẹni tó ń jẹ́ Dárà kì í ṣèèṣì," ló wí. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àtẹ́wọ́ náà tì í síwájú. "Pańpẹ́ ni mo dẹ. Obìnrin kan tiẹ̀ wá níbí, ó ń ṣa tannátanná bí adìyẹ tó ń ṣa àgbàdo, báyìí." Ó yọ ahọ́n sí igun ẹnu, ó na ọrùn. "Mo dúró sẹ́yìn rẹ̀, mò ń wò ó."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Bàbá Alámì dìde, ó dé fìlà, ó jáde. Dókítà kò dìde. Ó jókòó títí ọ̀rọ̀ fi parí, ó sì pàtẹ́wọ́ bí àwọn yòókù.

Dárà bá a níta. "Olólùfẹ́ mi..."

"Ẹ kú iṣẹ́, sà."

"Ẹ" yẹn gún un ju èébú lọ. "Jọ̀ọ́, ẹ̀fẹ̀ ni."

"Ti ahọ́n kọ́ ló dùn mí. Mo mọ̀ pé ahọ́n mi ń yọ. Èmi rò pé ọjọ́ yẹn, àwa méjèèjì ni a ò mọ̀, pé a jọ rí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni. Àṣé ẹ kàn ń wò mí bí ẹni wo eku."

"Irọ́ ni mo pa fún wọn! Mi ò mọ nǹkan kan!"

"Irọ́ wo? Èyí, tàbí èyí?" Ohùn rẹ̀ kò gbóná, ìyẹn ló burú. "Ẹ̀ ń parọ́ fún àwọn tí ẹ ò mọ̀ rí kí wọ́n lè gba tiyín. Kí lẹ máa wá sọ fún èmi?"

Ó sọdá títì.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀lé e, ìwé ń wọlé sọ́dọ̀ Dárà láti ọ̀dọ̀ àwọn tí wọ́n ń pè é ní ọlọ́gbọ́n. Ó ń kà wọ́n pẹ̀lú awò tí obìnrin náà fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń jọ èébú lójú rẹ̀. Níkẹyìn ó lọ bá akọ̀ròyìn.

"Ẹ bá mi kọ ọ́ pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Okùn ni mo ní lọ́kàn. Ẹ kọ ọ́ pé obìnrin tí mo fi ṣe ẹlẹ́yà ló kọ́kọ́ jẹ́ kí n mọ̀."

"Ọ̀gá, ti tẹ́lẹ̀ yẹn dùn jù."

"Mo mọ̀. Èmi ni mo sè é."

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ ojú ewé kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tó pè é ní ọlọ́gbọ́n pè é ní orúkọ mìíràn. Dárà rí i pé òun kò kú, ó sì yà á lẹ́nu. Ó wẹ̀, ó wọ aṣọ tí kò ní àbàwọ́n, ó lọ sílé Bàbá Alámì.

Ìwé ìròyìn náà wà lórí tábìlì. Bàbá ti fi gègé pupa tún un ṣe. "Wọ́n ṣi àmì 'àṣìṣe' fi sí," ló wí, kò sì ní kí ó jókòó. Ilẹ̀kùn yàrá inú ṣí sílẹ̀ díẹ̀. "Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá bẹ ọmọ yín, sà. Mo sì wá sọ fún yín pé mo fẹ́ ẹ."

"Kí lo rí lára rẹ̀?"

Dárà ti múra ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀. Ó ti fi òwe sí i, ó ti fi oyin sí i, ó ti kà á níwájú dígí. Ó lanu, ọ̀rọ̀ náà sì rí lójú rẹ̀ bí aṣọ ẹni ẹlẹ́ni.

"Mi ò tíì mọ̀ tán, sà."

Gègé dúró lọ́wọ́ Bàbá.

"Bí mo bá rò pé mo mọ̀ ọ́n, nǹkan mìíràn á tún yọ. Kì í pariwo bó bá ń bínú, mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo ti wá mọ̀. Ó máa ń béèrè ohun tó wà lẹ́yìn nǹkan. Kì í bínú bí kò bá sí nǹkan kan níbẹ̀, ó kàn fẹ́ wò ni. Ó wù mí kí n máa wò ó lọ. Bí ẹ bá bi mí nígbà tí mo bá darúgbó, ó lè jẹ́ ohun kan náà ni n ó tún sọ."

"N kò rí nǹkan tún ṣe nínú ìyẹn," ni Bàbá wí, ó dé gègé lórí. "Ẹni tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, jáde wá gbọ́ tìrẹ."

Dókítà jáde. Kò díbọ́n pé òun kò gbọ́.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ ní nǹkan tí o ò mọ̀ níwájú èrò ńkọ́?"

"Màá ní mi ò mọ̀."

"Bí wọ́n bá fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́?"

"Ṣé ìwọ náà máa rẹ́rìn-ín?"

"Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀."

Obìnrin náà na ọwọ́ sí i níbẹ̀, lójú bàbá rẹ̀, Dárà dì í mú, obìnrin náà kò sì fà á padà. Bàbá Alámì wo ọwọ́ méjèèjì, ó wúkọ́, ó wá rántí pé ó yẹ kí òun lọ ti fèrèsé ilé ìdáná, èyí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí láti àárọ̀.