Láti Èjìká dé Ìkúùkù

Ọjọ́ tí apínlẹ́tà kọ́kọ́ ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀bù àtúnṣe kẹ̀kẹ́ náà, ó ní èjìká ń dun òun, ọwọ́ òsì òun sì ń kú bí òun bá ti gùn ún dé òpópónà kẹta. Ó ti dé ọ̀dọ̀ atúnkẹ̀kẹ́ṣe mẹ́ta. Gbogbo wọn ló ní kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́, kó lọ rí dókítà.

Ọmọbìnrin tó wà nídìí iṣẹ́ lọ́jọ́ náà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Oníwọ̀n. Orúkọ yẹn kì í ṣe oríyìn o. Láti ogójì ọdún ni bàbá rẹ̀, tó ni ṣọ́ọ̀bù, ti ń fi ojú lásán wọn nǹkan, ṣùgbọ́n ọmọ yìí kì í de nọ́ọ̀tì kan láì kọ́kọ́ fa téèpù yọ lápò. Wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ ni, òun náà sì gbà á bí oyè.

Ó ní kí apínlẹ́tà jókòó sórí kẹ̀kẹ́, kó na ọwọ́ méjèèjì. Ó fa téèpù láti èjìká ọ̀tún dé ìkúùkù, ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tó kan òsì, ọkùnrin náà fa ọwọ́ sẹ́yìn, kó tó wá fi sílẹ̀ fún un.

"Apá yìí fi ìka méjì kúrú ju èkejì lọ," ni Oníwọ̀n wí.

Apínlẹ́tà wolẹ̀. Ó ní òun já bọ́ lórí àtẹ̀gùn ní kékeré, eegun náà ò sì tò dáadáa. Láti ìgbà náà ni òun ti ń wọ ẹ̀wù alápá gígùn, kí ẹnikẹ́ni má baà mọ̀.

"Kí lẹ wá ń tijú sí? Ẹ̀yin kọ́ lẹ jẹ̀bi, kẹ̀kẹ́ ló jẹ̀bi. Kẹ̀kẹ́ la máa ń wọ̀n mọ́ èèyàn, a kì í wọn èèyàn mọ́ kẹ̀kẹ́."

Ó wá fi irin ọrùn hàn án, irin kúkúrú tó so ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ara rẹ̀. Àádọ́fà mílímítà ni, bẹ́ẹ̀ àádọ́rin ni ì bá jẹ́. Ó wá àádọ́rin kan rí nínú páálí, ó wọn bó ṣe gùn tó láti àárín ihò dé àárín ihò, ó tún wọn bó ṣe nípọn tó. Èyí tó bá tín-ín-rín jù á fi àlàfo sílẹ̀, á máa yí mọ́ni lọ́wọ́ lórí eré. Irú àlàfo bẹ́ẹ̀, agolo mílíìkì ni bàbá rẹ̀ máa ń gé dí i. Oníwọ̀n ò jẹ́ gé agolo fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí apínlẹ́tà gùn ún yí àdúgbò ká tó sì padà dé, omi ti lé ròrò sí i lójú. Oníwọ̀n ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó ń nu ọwọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ kejì, aago kẹ̀kẹ́ ni kò dún mọ́. Ọ̀sẹ̀ kẹta, bíréèkì ni. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, irọ́ tán lẹ́nu apínlẹ́tà.

"Kò sí ohun tó ṣe kẹ̀kẹ́," ó ní. "Ìwọ ni mo wá wò. Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ."

"Mo ti mọ̀ látìgbà tí aago ti yadi, olówó orí mi. Ta ló fi bébà dí i nínú bí kì í bá ṣe ìwọ?"

Àmọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó wọn, àti ti apá tó kúrú, dé etí Bàbá, ó fárígá. Ẹ̀gbọ́n Bàbá obìnrin tún da epo síná. Wọ́n ní ọmọ tó mọṣẹ́ tó báyìí ò gbọdọ̀ lọ fẹ́ aláàbọ̀ ara, pé àwọn ará àdúgbò á ní kò rí ọkọ ni.

"Ojú kan ni mo fi wò ó," ni Bàbá wí. "Kò tó ọ."

"Ojú yẹn náà ni mò ń sọ, Bàbá. Ẹ ò wọ̀n ọ́n."

"Ṣé èmi tí mo bí ọ lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn? Bí o bá fẹ́ ẹ, mi ò ní fẹsẹ̀ mi tẹ ibẹ̀."

Oníwọ̀n sunkún lọ́jọ́ náà, ó dùn ún dọ́kàn. Ṣùgbọ́n bí èèyàn bá ń sunkún, a máa ríran. Ó nu ojú, ó fi àáké kọ́rí.

"Mo máa fẹ́ ẹ, Bàbá. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá, ní kọ́ọ̀tù. Mò ń sọ ọ́ fún yín kí ẹ má baà gbọ́ ọ níta."

Odindi ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n fi kọ ẹ̀yìn síra wọn nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo. Ẹni tó bá fẹ́ sípánà á dìde lọ mú un fúnra rẹ̀.

Ohun kan wà tí Oníwọ̀n ò lè gbójú fò. Ọdún kẹsàn-án rèé tí Bàbá ti ń fi òróró pa èjìká láràárọ̀, ó ní ọjọ́ orí ni. Ọmọ rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó jẹ́ kí òun wọ̀n ọ́n. Bàbá ní ẹni méjì péré ló máa fi téèpù kan òun láyé, télọ̀ àti káfíńtà tó máa kan pósí òun.

Ní Ọjọ́rú, Bàbá fẹsẹ̀ rìn lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Oníwọ̀n sọ jákẹ́ẹ̀tì Bàbá kalẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó wọn apá jákẹ́ẹ̀tì náà méjèèjì. Ó wá tú kẹ̀kẹ́ Bàbá. Irin ọrùn náà jẹ́ ọgọ́fà mílímítà, páànù agolo mílíìkì sì yí i ká ní ìpele mẹ́ta. Ó yọ ọ́, ó fi àádọ́rùn-ún rọ́pò rẹ̀. Ó kó irin àtijọ́ àti àwọn páànù náà sórí tábìlì Bàbá, ó kọ ọ́ sínú ìwé kan lábẹ́ wọn pé: "Èyí kì í ṣe ẹ̀bẹ̀. Mò ń lọ lọ́la."

Ní Ọjọ́bọ̀, ẹ̀wù alápá kúkúrú ni apínlẹ́tà wọ̀, fún ìgbà àkọ́kọ́ látìgbà ọmọdé. Aago mẹ́wàá lù, Bàbá ò yọjú. Apínlẹ́tà ní kí àwọn ṣì dúró díẹ̀.

"A ò dúró de ẹnikẹ́ni, ọkọ mi. Fọwọ́ sí i."

Wọ́n fọwọ́ sí i. Apínlẹ́tà méjì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló ṣe ẹlẹ́rìí. Nígbà tí wọ́n jáde, Bàbá ló dúró lẹ́nu ọ̀nà yẹn, ó fara ti kẹ̀kẹ́, òógùn bò ó.

"Irin yẹn kúrú jù," ni Bàbá wí.

"Kò kúrú. Ó ṣe déédéé yín."

Bàbá wúkọ́. "Mo gùn ún láti ilé. Èjìká ò dùn mí."

Inú Oníwọ̀n dùn, inú ṣì ń bí i, kò sì fi ọ̀kankan pa mọ́. Bàbá yíjú sí ọkọ ọmọ rẹ̀, ó wo apá rẹ̀ méjèèjì títí.

"Èwo ló kúrú gan-an?"

"Òsì ni, sà."

"Mo ti ń rò pé ọ̀tún ni," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀.

Ẹ̀wù ìyàwó Oníwọ̀n ní àpò, òun ló ní kí télọ̀ dá a sí i. Ó kiwọ́ bọ̀ ọ́, ó na téèpù sí bàbá rẹ̀.

"Ẹ gbà, Bàbá. Ẹ wọ̀n ọ́n."

Bàbá wo ọ̀tún, ó wo òsì, gbogbo èèyàn ń wò ó. Ó gba téèpù. Ó fi orí téèpù lé èjìká òsì ọkọ ọmọ rẹ̀, ó rọra fà á bọ̀ dé ìkúùkù. Apínlẹ́tà ò fa ọwọ́ sẹ́yìn.