Ògiri Dídán Ilé Màmá Olùkọ́

Òjò kan péré ni. Kó tó dá, gbogbo ohun tí wọ́n fi rẹ́ ògiri iwájú ilé Màmá Olùkọ́ ti ya lulẹ̀, bíríkì lásán ló kù. Omi wọ yàrá tí ọkọ rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí, ọkùnrin tí dókítà ní òtútù ò gbọdọ̀ kàn, nítorí àyà rẹ̀.

"Mo sọ fún ọ," Bàbá ní, ó ń wúkọ́. "Mo kan ògiri yẹn, ó ń dún bíi garawa òfìfo."

Ojú Màmá ti ń ṣú tipẹ́. Ọwọ́ ló fi wo iṣẹ́ náà, ó sì dán bí àwo. Birikílà tó rẹ́ ògiri náà, Dídán ni wọ́n ń pè é, fi aṣọ bo imú nítorí eruku látàárọ̀ dalẹ́. Ta ló fẹ́ dá a mọ̀?

Ó ti rẹ sájẹ́ǹtì ọlọ́pàá tí wọ́n fẹjọ́ sùn kí wọ́n tó rojọ́ tán. Ilé kẹrin tí Dídán lù ní jìbìtì rèé. Sájẹ́ǹtì dé ibi tí Dídán ń gbé: ó ti kó jáde lánàá. Ó ká a mọ́bi iṣẹ́: Dídán bẹ́ sílẹ̀ lórí àkàbà, ó sá lọ, ó fi bàtà ẹsẹ̀ kan sílẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó rí ọkùnrin kan níwájú ṣọ́ọ̀bù télọ̀, sìmẹ́ńtì gbẹ mọ́ ọn ní gìgísẹ̀.

"Ìwọ ni Dídán?"

"Télọ̀ ni mí, sà. Mi ò fọwọ́ kan sìmẹ́ńtì rí."

"Kí ló wà ní gìgísẹ̀ ẹ?"

"Eruku ni, sà."

Sájẹ́ǹtì fà á dé iwájú ògiri Màmá, ọkùnrin náà ṣì ń ké pé télọ̀ lòun.

"Ohùn ẹ̀ nìyí!" Màmá pariwo.

"A kì í fi ohùn nìkan ti èèyàn mọ́lé, Màmá." Sájẹ́ǹtì fìdí lé bíríkì, ó nawọ́ sí sìmẹ́ńtì tó ti ní kí wọ́n pò mọ́ yanrìn sílẹ̀. "Rẹ́ ẹ díẹ̀."

"Mi ò mọ̀ ọ́n ṣe, sà."

"Tí o ò bá mọ̀ ọ́n ṣe, wàá máa lọ sílé nìyẹn. Ó yá."

Ọkùnrin náà di irin ìrẹ́lé mú bí ẹni di ejò mú. Ó bu sìmẹ́ńtì, ó mọ̀ọ́mọ̀ dà á sílẹ̀. Àmọ́ kó tó bu èkejì, ọwọ́ òsì rẹ̀ ti wọ garawa omi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó bu omi, ó wọ́n ọn sára ògiri lẹ́ẹ̀mẹta.

Sájẹ́ǹtì dìde. "Birikílà ni bàbá tó bí mi. Ta ló ní kí télọ̀ wọ́n omi sí ògiri?"

Irin bọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà.

"Kí lomi yẹn wà fún?"

"Kí ògiri má baà fa omi inú sìmẹ́ńtì mu, sà. Tó bá gbẹ, kò ní lẹ̀."

"O mọ̀ ọ́n!" Màmá ké. "Mo ti ń tu ara mi nínú pé bóyá o ò mọṣẹ́ ni. Áà, o mọ̀ ọ́n!"

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Èmi ni. Mi ò họ sìmẹ́ńtì àtijọ́ kúrò, amọ̀ ni mo fi bò ó, mo wá fọwọ́ ra á kó lè dán. Ojú yín ò ríran, mo ní ẹ ò ní mọ̀."

"Ojú mi ò ríran. Ọkọ mi ń wúkọ́ létí ẹ lójoojúmọ́. Ṣé etí tìẹ náà di ni?"

Sájẹ́ǹtì kó ṣẹkẹṣẹkẹ sí Dídán lọ́wọ́.

Owó Màmá tí Dídán jẹ, ó pọ̀ ọ́. Birikílà mìíràn họ ògiri, ó tún un rẹ́, Màmá fúnra rẹ̀ ló ń bomi rin ín fún ọjọ́ méje kó lè le. Nígbà tí òjò tún dé, Bàbá nawọ́ látorí bẹ́ẹ̀dì, ó kan ògiri. Ó tún kan án.

"Ó ti ki," ó ní.

Màmá gbé abọ́ tó fi ń gbe omi kúrò nílẹ̀, ó jókòó, ó bú sẹ́kún. Bàbá ti sùn lọ.