Ẹni Tó Ń Báni Ṣubú

Ojú sánmà ni aránṣọ ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó gbójú sókè lẹ́nu ẹ̀rọ ìránṣọ, ó rí i tó ń já bọ̀ láti orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, apá rẹ̀ nà gbalaja bí aṣọ tí atẹ́gùn ká lórí okùn. Ẹ̀wù tí aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló sì wà lọ́rùn rẹ̀.

Ó figbe ta, ó sáré. Kò rántí pé fíìmù ni wọ́n ń yà. Ó gba iwájú kámẹ́rà kọjá, ó kúnlẹ̀ ti ọkùnrin náà lórí òkìtì fóòmù, ó ń fọwọ́ tẹ ìhà rẹ̀ wò bóyá eegun ti yẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, màá," ni ọkùnrin náà wí, ojú rẹ̀ dá ṣáká. "Ṣé èmi ni mo ṣubú ni, àbí ẹ̀yin?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi olùdarí eré, torí wọ́n máa tún un yà. Ọkùnrin náà ò ráhùn. Ó gòkè padà, ó tún já bọ̀, ó ní látìgbà tí ẹnì kan ti sunkún òun, ìṣubú ti bẹ̀rẹ̀ sí í dùn.

Ológbò ni wọ́n ń pè é, torí ológbò kì í fẹ̀yìn balẹ̀. Olùkọ́ júdò ni, ìjàkadì tí wọ́n ń wọ ẹ̀wù funfun jà, nínú yàrá gbọọrọ kan lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Àwọn onífíìmù ní kó wá kọ́ gbajúmọ̀ òṣèré kan bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Òṣèré mọ̀ ọ́n, àmọ́ nígbà tó kan fífò láti orí ògiri, ó ní inú ń run òun. Ológbò gba ẹ̀wù rẹ̀ wọ̀, ó bá a fò ó. Wọn ò jẹ́ kó lọ mọ́. Òun ló ń báni ṣubú, òun ló ń báni kó sínú iná. Òṣèré á wá gbójú sí kámẹ́rà, á máa nu òógùn tí kì í ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, méjì méjì ni aránṣọ ń rán aṣọ kọ̀ọ̀kan: ti òṣèré, ti Ológbò. Ibi ìwọ̀n aṣọ ni ọ̀rọ̀ ti wọ̀.

"Ìwọ̀n yín ò yàtọ̀ sí ti àná, bọ̀dá."

"Ẹ tún un wọ̀n, Abẹ́rẹ́ mi. Ìdùnnú máa ń sanni lára."

Bàbá aránṣọ, káfíńtà tó ń kan òrùlé, gbọ́ ọ. Ó ní òun ò ní fọmọ fún ẹni tí wọ́n ń sanwó fún pé kó ṣubú. Aránṣọ ròyìn ẹ̀ fún Ológbò lórí bẹ́ǹṣì yàrá ìránṣọ. Ológbò di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó bi í bóyá yóò fẹ́ òun bẹ́ẹ̀. Ọkàn aránṣọ kún, ẹnu rẹ̀ wúwo. Ó kàn fọwọ́ kejì gbá ẹ̀yìn ọwọ́ ọkùnrin náà pẹ́pẹ́, lẹ́ẹ̀mejì, bí a ti í ṣe fún ọmọ tó fẹ́ sùn.

Ológbò jọ̀wọ́ rẹ̀ bí ẹni tó di iná mú. Ó dìde, ó dúpẹ́, ó lọ.

Látìgbà náà, "ẹ káàárọ̀, màá" ló kù láàárín wọn. Ọ̀rọ̀ wá dojú rú mọ́ aránṣọ lọ́wọ́. Ṣé ọ̀rọ̀ bàbá ló lé e? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ló wá bèèrè fún? Àbí ọwọ́ òun le jù, abẹ́rẹ́ ti gún un káàkiri? Ó rán apá ẹ̀wù mọ́ ibi ọrùn. Ó rán ṣòkòtò kan, ẹsẹ̀ òsì méjèèjì. Orin nìkan ló tọ́ lẹ́nu rẹ̀:

Ta ló ń lọ tí ò bojú wẹ̀yìn?
Ọkọ̀ ni, ọkọ̀ ni.
Ta ló lọ tí ò lè lọ tán?
Ọkọ mi ni, ọkọ mi ni.

Bó ṣe kọ ọ́ tán, ó fi ẹ̀rọ sílẹ̀, ó gba ilé ìtẹ̀wé lọ.

Kíláàsì ń lọ lọ́wọ́. Obìnrin kan fún ọkùnrin gìrìwò kan lọ́rùn mọ́lẹ̀. Ọkùnrin náà fọwọ́ gbá ilẹ̀, pà, pà, obìnrin náà sì tú u sílẹ̀ kíá. Aránṣọ bi ìyá kan tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri léèrè ìdí ẹ̀.

"Ó ti gbá a lẹ́ẹ̀mejì ni. Ìyẹn ni pé, ó tó, fi mí sílẹ̀. Ọ̀gá ní ẹni tí ò bá jọ̀wọ́ ẹnì kejì lójú ẹsẹ̀, kó má wá mọ́."

Aránṣọ di orí mú. Ẹ̀rín gbé e, ẹkún gbé e, kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ ṣe. Ó bọ́ bàtà, ó wọ àárín wọn.

"Bọ̀dá, nílé tiwa, bá a bá gbáni lọ́wọ́ báyẹn, à ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún ni. Ẹ dúró ni mo wí."

Ológbò sún mọ́ ọn. Àwọn ọmọ kíláàsì ń wò wọ́n.

"Mo ti já bọ̀ láti orí ilé láìmọye ìgbà," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Àmọ́ ti ọjọ́ yẹn, mi ò tíì balẹ̀."

Àwọn méjèèjì jọ lọ bá bàbá. Bàbá bi Ológbò bóyá yóò fiṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ní rárá, òun ò ní purọ́ fún un.

"Tó o bá wá ṣubú ńkọ́?"

"Bàbá, mo mọ̀ pé mo máa ṣubú, ìyẹn ni mo ṣe ń tẹ́ fóòmù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí òrùlé látàárọ̀, kí lẹ tẹ́ sílẹ̀?"

Ìyá aránṣọ tú ẹ̀rín jáde lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Ó ní ó ti pẹ́ tóun ti ń bèèrè ìyẹn, ẹ jẹ́ ká gbọ́ ìdáhùn.

Bàbá ń họ irùngbọ̀n, ó ń wo aya, ó ń wo àlejò, ó yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ yín ò yé mi. Ìwọ gan-an, kí lo fẹ́?"

Aránṣọ kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn, kó má baà tún ṣì wọ́n lò. Ẹnu ló fi sọ ọ́, ketekete, tí ará ilé kejì gbọ́.

"Òun ni mo fẹ́, bàbá mi. Bó ṣe wà yẹn."