Màlúù Tó Jẹ Ọkà Ràsáàkì

Ọjọ́ tí ọyẹ́ kọ́kọ́ mú ní abúlé kan lẹ́yìn Ṣakí, lọ́dún 1981, orí àpáta ni Àwáwù wà pẹ̀lú ìyá àgbà rẹ̀, Àmọ̀kẹ́. Wọ́n ń sá iṣu tí wọ́n fẹ́ fi ṣe èlùbọ́.

Àwáwù ń kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Ìsẹ́yìn. Ọlidé ló wá lò, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ló gbé dé. Olùkọ́ wọn nínú ẹ̀kọ́ ìtàn, Mísì Bọ́sẹ̀, ti ní kí oníkálukú lọ ṣèwádìí ohun tí ojú àwọn tí kò gbé ohun ìjà dání rí nígbà ogun ayé àtijọ́.

"Ẹ má kọ orúkọ balógun kankan wá fún mi o," ni Mísì wí. "Balógun ti ní àwọn tó ń kígbe orúkọ tirẹ̀. Ẹ lọ bèèrè ẹni tó ń dáná lọ́wọ́ nígbà tí ogun wọlé."

Àwáwù bá bèèrè. "Ìyá àgbà, kí lojú àwọn obìnrin rí nígbà ogun?"

Ìyá àgbà wò ó lókè, wò ó nílẹ̀. "Nítorí èyí ni wọ́n ṣe ń gbowó ilé-ìwé lọ́wọ́ bàbá ẹ? Èmi ì bá ti sọ ọ́ fún ẹ lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ẹ sọ ọ́ báyìí, mo ń gbọ́."

"Ó dáa. Dìde níbi tó o jókòó sí."

Àwáwù fò sókè, ó rò pé àkekèé ni. Kì í ṣe àkekèé. Ihò kan ló jókòó lé, ihò roboto bí inú àwo, tó ń dán bíi dígí. Láti kékeré ló ti ń rí irú ihò bẹ́ẹ̀ lórí àpáta yìí. Omi òjò inú rẹ̀ lòun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ń wẹ̀ fún ọmọlangidi. Ó rò pé bí Ọlọ́run ṣe dá òkúta ni.

"Ọwọ́ ènìyàn ló gbẹ́ ẹ," ni Ìyá àgbà wí. "Ojú ọlọ ni gbogbo wọn. Inú èyí ni ìyá tó bí ìyá mi ti lọ ọkà."

Àwáwù gbójú sókè. Ihò níhìn-ín, ihò lọ́hùn-ún, títí dé ibi tí àpáta ti wọ inú igbó lọ. Ó yanu, kò rántí pa á dé.

"Kí ló gbé wọn wá sókè níbí?"

"Ọkùnrin kan ló jí ẹṣin olórí ogun kan. Ẹṣin kan ṣoṣo! Olórí ogun náà kò wá ọkùnrin ọ̀hún. Ó ní gbogbo abúlé ló jí i. Wọ́n sun ilé, wọ́n sun àká, wọ́n fi okùn di obìnrin àti ọmọdé pọ̀ bí ẹni di igi. Àwọn tó lè sáré ló gun òkè yìí."

"Olè yẹn ńkọ́?"

"Kí ló máa ṣe olè? Ó ti gun ẹṣin lọ! Àwọn tí kò ní ẹṣin ni wọ́n bá nílé."

Àwáwù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ìyá àgbà kò tíì sọ̀rọ̀ tán.

"Àwọn ọmọ-ogun wà nísàlẹ̀, wọ́n ń dẹtí. Ariwo ọlọ a sì máa lọ jìnnà. Nítorí náà, ìgbà tí àrá bá ń sán nìkan ni wọ́n ń lọ ọkà. Bí àrá bá sán, gbogbo ọwọ́ a sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá dákẹ́, gbogbo ọwọ́ a dúró."

"Ọjọ́ tí àrá ò bá sán ńkọ́?"

"Wọ́n ń jẹ ọkà ní tútù. Ọmọ tí kò bá sì tíì hu eyín…" Ìyá àgbà yí iṣu kan padà sínú oòrùn.

Àwáwù ti ọwọ́ bọ ojú ọlọ náà. Ó tutù. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bá a mu rẹ́gí, àfi bí ẹni pé wọ́n ti wọn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tó bí i. Àrá mélòó ló gbọ́dọ̀ sán kí òkúta tó dán tó báyìí? Ó rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò, bí ẹni tó ń yọ́ jáde níbi tí àgbà ti ń sùn.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ariwo fi sọ nísàlẹ̀.

"Mo máa sun wọ́n! Lónìí, gáà Fúlàní yẹn á di eérú!"

Ràsáàkì ni, ẹ̀gbọ́n Àwáwù. Bí Ràsáàkì bá kí ènìyàn pé ẹ káàárọ̀ ní abúlé yìí, ará ìlú Ọ̀fíkì lọ́hùn-ún ló ń dáhùn. Ẹ wá wo ìgbà tó bínú!

Ìyá àgbà nawọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. Àwáwù ti sáré sọ̀ kalẹ̀ sí àgbàlá wọn.

Àdá ni Ràsáàkì mú lọ́wọ́. Àmúdà ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì, ó fi igi ìṣáná há etí bíi sìgá. Àwọn ọ̀dọ́ mìíràn ti pé lé wọn lórí. Màlúù ti wọ oko Ràsáàkì, ó sì ti jẹ ọkà bàbà tó fẹ́ tà fi gbé Àdìjátù níyàwó.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, màlúù ta ni?"

"Ti Fúlàní! Àbí ta ló tún ń da màlúù níbí, lèmọ́mù?"

"Fúlàní wo nínú wọn? Arúgbó wà ní gáà. Ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ta wàrà fún yín wà níbẹ̀."

"Gbogbo wọn ló jẹ ẹ́!"

Àwáwù dúró gbagidi. Gbogbo abúlé ló jí i. Gbogbo wọn ló jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ tó rò pé ó ti kú láyé ìyá ìyá Àmọ̀kẹ́ ló ń mí lẹ́nu ọmọ ìyá rẹ̀ yìí.

Ó dí ẹnu ọ̀nà àgbàlá. "Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò gbà á!"

Àmúdà rẹ́rìn-ín títí kẹrosíìnì fi dà sí i lẹ́sẹ̀. "Ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn! Ṣé ó ṣeé fi gbéyàwó? Ẹ bá mi bi í, ọkà ò lẹ́tọ̀ọ́ ni?"

"Ó ní! Ẹ lọ gbà á níbi tí wọ́n ti ń gbà á. Ẹ sọ fún baálẹ̀, kó ránṣẹ́ pe Sẹ̀ríkì, olórí gbogbo Fúlàní àdúgbò yìí. Ẹ fi tó ọlọ́pàá létí. Kí ẹni tó ń mójú tó ọ̀gbìn ní káńsù wá wo oko, kó sọ ohun tó bàjẹ́. Bí wọn ò bá gbà, kóòtù ìbílẹ̀ ń bẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣáná, ẹ̀yin lẹ di ọ̀daràn. Ẹ lè ṣẹ̀wọ̀n tán kí ẹ padà wálé, ọmọ tó bá jóná kò ní padà."

"Tíṣà, kúrò lọ́nà."

Kò kúrò. Ó na ọwọ́ méjèèjì dí ọ̀nà.

Ràsáàkì ti na ọwọ́ láti tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ nígbà tí ohùn kan dún lẹ́yìn rẹ̀: "Àsàlámù àlékùm."

"Wàálékùm sàlámù!" ni gbogbo wọn dáhùn pa pọ̀, kí wọ́n tó rántí pé inú ń bí wọn.

Bàbá Mùstàfá ni, olórí gáà fúnra rẹ̀. Òun nìkan ló dá wá, ó fi okùn fa abo màlúù sísanra kan. Àmúdà sáré gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn bí ọmọ tó jí ẹran lọ́bẹ̀.

"Màlúù yìí ló jẹ ọkà yín," ni bàbá náà wí. "Ọmọ mi ló ń dà á, ó sì sùn lọ. Èmi ni mo jẹ̀bi ìyẹn. Ṣùgbọ́n màlúù kì í ṣe tèmi. Ará ilé yín kan ló fún mi sìn."

Kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀: ará ìlú a ra màlúù, a sì fà á fún Fúlàní kó máa bá a dà á.

Ojú Ràsáàkì là. "Ta ni? Ẹ dárúkọ rẹ̀! Ilé rẹ̀ la ó kọ́kọ́ sun!"

Bàbá Mùstàfá wolẹ̀. "Ẹ bi Ìyá àgbà."

Ìyá àgbà ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè ni, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Gbogbo ojú yí sí i.

"Èmi kọ́ ni mo ni ín o," ló wí. Ràsáàkì mí kanlẹ̀. "Èmi ni mo rà á, ṣùgbọ́n ìwọ ni mo rà á fún, Ràsáàkì. Ọjọ́ ìgbéyàwó ẹ ni mo fẹ́ fà á yọ lójijì. O ò jẹ́ kí n jẹ adùn rẹ̀!"

Àmúdà fi ẹ̀rín ṣubú lulẹ̀. "Ràsáàkì! Ìwọ lo jẹ ọkà ara ẹ! Ilé ẹni tó ni màlúù la ní ká kọ́kọ́ sun. Ṣé ká bẹ̀rẹ̀ láti yàrá ẹ?"

Ẹ̀rín gba gbogbo àgbàlá. Ràsáàkì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo Bàbá Mùstàfá.

"Ọmọ tó sùn lọ yẹn, níbo ló wà?"

"Ó wà nínú ahéré ní gáà. Ibà ló ń ṣe é. Ó tún ti sùn."

Ràsáàkì wo kẹ́ẹ̀gì. Ó wo ìṣáná tó wà létí Àmúdà. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé," ni Ìyá àgbà wí fún un jẹ́jẹ́. "Kì í gé ọwọ́. Kì í gé ọwọ́ ọmọ ẹlòmíràn."

Lọ́jọ́ kejì, baálẹ̀ àti Sẹ̀ríkì jókòó, ẹni tó ń mójú tó ọ̀gbìn wo oko, wọ́n sì yanjú rẹ̀. Ní ti màlúù, wọ́n dá a lẹ́jọ́ ikú, ọjọ́ ìgbéyàwó ni wọ́n sì ṣe ìdájọ́ rẹ̀. Ará gáà jẹ níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará wa ní Òkè-Ògùn, àgbẹ̀ àti darandaran, bí nǹkan yín bá bàjẹ́, ẹ má ṣe dákẹ́, ẹ má sì ṣe fi ọwọ́ ara yín ṣèdájọ́. Ẹ pe àgbà ìhà méjèèjì, ẹ fi tó ọlọ́pàá létí, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n wo ohun tó ṣòfò, kí kóòtù dá èyí tó bá le. Ẹni tó ṣẹ̀ ni kí ẹ dárúkọ, ẹ má ṣe dárúkọ ẹ̀yà rẹ̀, ẹ má ṣe dárúkọ ilé rẹ̀. Ogun tó pa àwọn tí kò gbé idà rí, ọ̀rọ̀ "gbogbo wọn ni" ló fi bẹ̀rẹ̀.

Bí inú bá sì bí ọ tóbẹ́ẹ̀ tí o fi mú ìṣáná lọ́wọ́, bèèrè ohun kan péré kí o tó ṣá a: ta ló ń sùn nínú ilé yẹn?